Bí owó ṣe ń wọlé ni à ń ra ọjà: ìdáhùn sí Bàbá Ìbejì ní Ìkòròdú

Bàbá Ìbejì kọ̀wé sí mi láti Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ kan ní Odògunyàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó fún un. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ìta Ẹlẹ́wà. Ohun tó kọ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Mà, ọ̀rọ̀ ọjà ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi. Èmi fẹ́ kí n gba owó oṣù, kí n lọ sí Mile 12, kí n ra gbogbo ohun tí a ó jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ní àpò àti ní agbọ̀n. Ìyàwó mi kò gbà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà, lójoojúmọ́, lọ́wọ́ obìnrin kan ṣoṣo ní Sábo, kì í sì í ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá jọ lọ, mo máa ń bèèrè iye lọ́wọ́ ẹni bíi márùn-ún mẹ́fà kí n tó rà. Òun á ti lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Lóṣù tó kọjá mo ra agbọ̀n tòmátò, ìdajì rẹ̀ ló bà jẹ́, ó sì ní ẹ̀bi mi ni. Mò ń fún un ní owó ọjà, kì í pé oṣù. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ó ń gé lára rẹ̀. Ṣé kí n kúkú gba ọjà rírà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló lè da ilé rú jù: ẹ má gba ọjà rírà lọ́wọ́ ìyàwó yín. Ọkùnrin tó mọ ọjà rà pọ̀ ní Ìkòròdú, inú mi sì dùn pé ẹ̀yin náà ń gbé àpò lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ìyàwó yín ń ṣe pẹ̀lú ọjà díẹ̀díẹ̀ yẹn tí ẹ kò tíì kà sí iṣẹ́. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé nǹkan ti ń jò nílé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìmọ̀ ètò ilé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá tọkọtaya jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Ìjà tí ẹ ń jà yìí wọ́pọ̀. Ìyàwó á ní ahun ni ọkọ òun, ọkọ á ní ìyàwó òun kò mọ owó ṣọ́. Ìgbà tí mo bá bèèrè bí owó ṣe ń dé ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ni ìdí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde. Ẹni tó ń gba owó lóṣooṣù a máa ra ọjà lóṣooṣù. Ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́ a máa rà á lójoojúmọ́. Ìwà kọ́ ló pín ẹ̀yin méjèèjì níyà lójú ọjà, owó tí iṣẹ́ yín ń mú wá ni.

Ẹ wò ó. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, ẹ̀rù ń bà yín pé kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọjà á tún ti gbówó lórí. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, gbogbo wa lójú wa rí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ mọ́ lórí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya gun òkè, oúnjẹ sì bá a gùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ìdá tó lé ní 40 nínú 100 ga ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú. Ẹni tó rí irú ìyẹn, tí owó oṣù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ìrẹsì ni yóò sáré lọ gbé.

Ẹ̀rù ti ìyàwó yín yàtọ̀. Owó tó wọlé fún télọ̀ lónìí lè má wọlé lọ́la. Oníbàárà lè gba aṣọ kó ní òun ń bọ̀ wá san ìyókù. Owó òwú gbọ́dọ̀ wà, owó sípì gbọ́dọ̀ wà, owó epo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ tí kò bá síná. Bí ó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, tí ara ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá gbóná lóru, ìrẹsì kọ́ ni yóò gbé lọ sílé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé kóńgò kan wọ́n ju bó ṣe yẹ kó rí nínú àpò lọ. Ó gbà láti san ohun tó lé yẹn kí owó má bàa tán lọ́wọ́ òun.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ti Èkó pa nítorí Kòrónà, láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020. Ilé tí owó oṣù ti ń wọlé rí nǹkan rà sílẹ̀. Ilé tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ti òòjọ́, ọjọ́ kejì ìséde ni ìyà ti ń jẹ ẹ́. Ilé tó bá sì jẹ́ pé owó oṣù nìkan ló gbójú lé, ọ̀sẹ̀ kẹrin oṣù ni tirẹ̀ máa ń le. Oríṣi owó méjèèjì ló ń wọ ilé yín. Ilé tó rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí oúnjẹ máa dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Mile 12. Òótọ́ ni pé ọjà rẹ̀ rọjú ju ti Sábo lọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà fún wa ní Ìkòròdú ti ń gbé tiwọn. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ san lórí agbọ̀n kọ́ ni owó agbọ̀n. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà níbẹ̀, owó alábàárù tó gbé e dé ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, owó ẹrù tí awakọ̀ gbà wà níbẹ̀, ohun tó bà jẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ká ní ₦40,000 ni ẹ ra agbọ̀n náà, tí ìdajì rẹ̀ sì wọ ilé ìdọ̀tí: ₦40,000 ni ẹ fi jẹ ìdajì agbọ̀n. Bí ìyàwó yín bá ra ìwọ̀n ìdajì yẹn ní abọ́ ní abọ́ ní Sábo, tó sì ná ₦30,000, òun ló rà á ní pọ́ọ́kú, a ò sì tíì fi owó ọkọ̀ yín kún un. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo dá yìí o, iye ọjà ń yí padà; ẹ fi iye tí ẹ̀yin gan-an san rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe.

Tòmátò tó bà jẹ́ yẹn kò bà jẹ́ nítorí pé ẹ kò mọ ọjà. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, láti apá Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà, láti Kánò sì dé Èkó ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kìlómítà. Inú agbọ̀n híhun ni wọ́n ń dì í sí, agbọ̀n a gun agbọ̀n nínú ọkọ̀, ooru a mú un, èyí tó wà nísàlẹ̀ a sì fọ́ kó tó dé. Omi èyí tó fọ́ ló ń ba èyí tó kù jẹ́. Kí ẹ̀yin tó wá gbé e sínú dánfó dé Ìkòròdú, ọjọ́ tó kù fún un kò pọ̀ mọ́. Agbọ̀n tòmátò wà fún ẹni tó bá ṣe tán láti dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó ṣa èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, kó fọ̀ ọ́, kó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ata, kó sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kó fi òróró dín in, kó jẹ́ kó tutù, kó tó pín in sínú ike kéékèèké tí yóò lọ sínú fìrísà. Bí iná kò bá dúró, ẹ ó tún máa mú un gbóná lọ́jọ́ kejì kejì. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ni.

Ta ló ṣe iṣẹ́ yẹn lóṣù tó kọjá? Lẹ́tà yín kò sọ. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè ohun kan: ọjọ́ wo ni ẹ gbé agbọ̀n náà wálé? Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé ìparí oṣù, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ télọ̀ máa ń pọ̀ jù. Aṣọ àríyá gbọ́dọ̀ jáde, àwọn tó ni ín ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra iṣẹ́ wálé fún ẹni tí kò ráyè, ẹ̀yin fúnra yín sì rẹ̀ láti ọjà. Ìlànà tí mo máa ń fún àwọn ọkọ tó bá fẹ́ràn agbọ̀n nìyí: ẹni tó bá ra agbọ̀n ni yóò se agbọ̀n. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ máa rà á, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá tí tòmátò bá pọ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ fi ata àti tòmátò sílẹ̀ fún Ìyá Ìbejì àti Sábo, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó máa rà á.

Ohun tí Mile 12 tàbí ọjà àpò wà fún ni ohun tí kì í tètè bàjẹ́: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, òróró, epo pupa, iyọ̀, mágí. Iṣu náà lè pẹ́ nílé bí ẹ bá tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, tí kò sí nínú àpò. Àlùbọ́sà lè pẹ́ bó bá gbẹ, tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Gàrí tí kò gbẹ dáadáa a máa bu, ẹ tọ́wọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé mo mọ̀ pé ilé ìbejì kì í ṣe aláìní ẹ̀wà. Kì í ṣe ilé yín nìkan ni kòkòrò ti ń wọ inú ẹ̀wà, láti oko ló ti ń yé ẹyin sára rẹ̀. Ẹ sá a, kí ó gbẹ, kí ooru oòrùn kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kún tó sì dé pinpin, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò ní tó kòkòrò lò, yóò kú. Bí ẹ bá ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu ife kan, asán ni. Ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì kéékèèké kí ẹ lè máa jẹ ọ̀kan tán kí ẹ tó ṣí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn láti wọ́n Sniper sí oúnjẹ. Májèlé ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké lọ́jà, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ pé àwọn kan ń fi í pa kòkòrò ẹ̀wà. Bí ẹ bá rí ẹ̀wà lọ́jà tí kòkòrò kankan kò sí lára rẹ̀ tó sì ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Obìnrin tí ìyàwó yín ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ kò ní fẹ́ ta irú rẹ̀ fún un, nítorí ó mọ̀ pé Ìyá Ìbejì mọ ìsọ̀ òun.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin Sábo yẹn. Ẹ rò pé ìyàwó yín ń ṣòfò nítorí kì í ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo ohun tó ń gbà fún un. Ó ń gba ènì. Ó ń gba ata tí wọ́n ṣà sílẹ̀ dè é, kì í ṣe èyí tó wà lójú àtẹ láti àárọ̀. Bí ìrẹsì bá ní òkúta, wọ́n á sọ fún un kó tó sanwó. Lọ́jọ́ tí kò bá sí owó, ó ń gba àwìn, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin oṣù, nígbà tí owó ti ẹ̀yin ti tán, mo fẹ́ kí ẹ rọra bi í léèrè iye ìgbà tí ọbẹ̀ tí ẹ jẹ jẹ́ ọbẹ̀ àwìn. Ẹ tún bi í bóyá obìnrin náà ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ bí àwọn obìnrin oníṣòwò ṣe ń ṣe: èmi ra ata rẹ, ìwọ gbé ankara rẹ wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú owó tí ẹ rò pé ó ń sọnù ní Sábo ń padà wọ ilé yín láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Èyí kò sọ pé kí ó máa rajà lọ́wọ́ ẹnì kan láìwo ẹ̀gbẹ́. Olùtajà tó bá mọ̀ pé a kì í bèèrè iye níbòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ gbá orí kóńgò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ó bèèrè ní ìsọ̀ méjì mìíràn kó lè mọ iye tí ọjà ń lọ. Kí ẹ sì ní kóńgò tiyín nílé. Kóńgò ọjà kò dọ́gba: òmíràn ti wọnú nísàlẹ̀, òmíràn ti kéré lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ra àpò ìrẹsì, ẹ fi kóńgò yín wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dà á sí kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀. Ẹ pín owó àpò àti owó ọkọ̀ sí iye kóńgò yẹn. Ẹ ó wá mọ iye náírà tí ẹ fi ń jèrè lórí kóńgò kan, ẹ ò ní máa fi ẹnu lásán jà mọ́. Ó lè tóbi ju bí ìyàwó yín ṣe rò lọ, ó sì lè kéré ju bí ẹ̀yin ṣe rò. Mo ti rí méjèèjì.

Nípa ọjà nínà. Ìyàwó yín ń tijú, mo sì lóye ìdí. Télọ̀ ni. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan ń dúró níwájú rẹ̀ tó ń ní kó dín owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kù. Ó mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn tún wà. Ọjà ní òfin tirẹ̀ tí a kì í kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá dárúkọ iye kan tí olùtajà sì gbà, ẹ ti rà á nìyẹn. Bí ẹ bá yí ẹ̀yìn padà lẹ́yìn ìgbà tó ti gbà, ẹ ti bú u lójú gbogbo ìsọ̀. Bó bá wá jẹ́ àárọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tún wúwo sí i, nítorí bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá ṣe ṣe sí wọn ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń fi díwọ̀n ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye nìkan, ẹ bèèrè, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Ẹ má dárúkọ iye tiyín. Ibi tí ẹ bá ti ṣe tán láti rà nìkan ni kí ẹ ti máa ná an. Ẹ ó rí i pé ìyàwó yín kò ní sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Kí ẹ sì má ná ọjà lọ́wọ́ obìnrin Sábo rárá. Ti Ìyá Ìbejì nìyẹn.

Mo ti fẹ́ dé ibi tó ń dùn mí jù nínú lẹ́tà yín, ibi tí ẹ ti sọ pé ẹ rò pé ó ń gé owó ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó síbẹ̀.

Nígbà àwọn ìyá wa, ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọkọ ló ń gbé iṣu àti èlùbọ́ wá láti oko, ìyàwó ló ń fi owó ọjà rẹ̀ wá ohun ọbẹ̀. Àpamọ́wọ́ méjì ló wà nínú ilé, kò sì sí ẹni tó ka ti ẹnì kejì. Nígbà tó wá di pé ọkọ ń gba owó oṣù, owó ọjà di ohun tí ọkọ ń kà fún ìyàwó, ọkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tí òun kà sílẹ̀ ni ilé ń jẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín. Ẹni tó ń rajà lójoojúmọ́ ń fi tirẹ̀ kún un lójoojúmọ́, ní owó kéékèèké tí kò sí ẹni tó ń rí i. Owó ẹ̀rọ ata. Búrẹ́dì àárọ̀ àwọn ọmọ. Mágí tó tán lójijì. Omi. Edé tó fi sínú ẹ̀fọ́ kí ọbẹ̀ má bàa jẹ́ omi lásán. Ẹ ò rí wọn nítorí wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ tẹ̀ sínú fóònù yín.

Ẹ tún wo iye tí ẹ ń fún un. Ìgbà wo ni ẹ ti fi kún un kẹ́yìn? Ọkọ tí kì í ra ohun kéékèèké a máa gbé iye àtijọ́ kiri lórí. Ó mọ iye àpò ìrẹsì, nítorí òun ló ń gbé e. Kò mọ iye ìgò epo, kò mọ iye ata rodo abọ́ kan nínú oṣù kẹfà nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ọjà ata kò wọlé dáadáa. Mo ti bá ọkọ jókòó tó fi gbogbo ẹnu sọ pé owó òun tó, tí èmi àti òun sì jọ lọ sọ́jà pẹ̀lú owó náà. Kò dé ìdajì ohun tó kọ sílẹ̀ tí owó fi tán.

N kò ní parọ́ fún yín pé kò sí obìnrin tó ń gé owó ọjà. Ó wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gé e torí pé wọn kò ní ọ̀nà mìíràn láti ní owó ìpamọ́, owó yẹn náà ló sì ń di owó iléèwé lọ́jọ́ tí ọkọ bá ní kò sí. Ìyàwó yín ní iṣẹ́, ó ní owó tirẹ̀. Kí ẹ tó fura sí i, ẹ ṣe ohun kan fún oṣù kan péré. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré méjì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ó mú ọ̀kan. Gbogbo ohun oúnjẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín bá rà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, àti búrẹ́dì, àti súyà tí ẹ̀yin ń rà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má yẹ ti ẹnì kejì wò títí oṣù á fi parí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú àbá náà wá, kí ẹ sì sọ pé torí ẹ fẹ́ mọ iye tó yẹ kí ẹ máa mú sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú olè, yóò rí i lójú yín, gbogbo rẹ̀ á sì dà rú.

Bí ẹ bá ti mọ iye yẹn, ètò kò le mọ́. Ẹ yọ owó ohun àpò sọ́tọ̀ nínú owó oṣù yín, ẹ̀yin ni kí ẹ máa rà á, ẹ̀yin náà ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ohun abọ́, ata, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹran, kí ó wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ má ka owó rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó tí ẹ kà fún télọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bá owó ṣọ́ọ̀bù lọ kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì kọ ohun abọ́ sílẹ̀ fún un ní orúkọ ní orúkọ. Bó bá dé ọjà tí ṣọkọ̀ pọ̀ tí ilá wọ́n, ṣọkọ̀ ni kó rà. Ọjà ọjọ́ náà ló yẹ kó sọ ọbẹ̀ tí ẹ ó jẹ, fóònù yín kò lè mọ̀ ọ́n láti ilé.

Ọ̀nà kan sì wà tí owó òòjọ́ fi lè ra àpò. Ẹ bi ìyàwó yín bóyá ó ń dá àjọ. Bí alájọ bá ń gba iye kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ní ìparí oṣù ó ti di owó gidi, kò sì ní dun ún bí ìgbà tó bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó yan àjọ kan fún oúnjẹ nìkan, èyí tó yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn lè di owó ìrẹsì oṣù Ọ̀pẹ, tí ẹ ó rà kó tó di pé ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé ń sáré. Bí àpò bá sì pọ̀ jù fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹ wá aládùúgbò méjì, ẹ jọ ra àpò kan, ẹ pín in lójú ara yín pẹ̀lú kóńgò kan náà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì lọ sí Sábo, ẹ jẹ́ kó ṣíwájú. Ẹ kí obìnrin náà dáadáa, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni Bàbá Ìbejì, ẹ gbé ẹrù. Ẹ bi í léèrè ìgbà tí ọkọ̀ ata rẹ̀ máa ń dé. Yóò sọ fún yín, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀ ń lọ sí Mile 12 ni òun náà ń lọ, ẹ lè jọ san owó ọkọ̀ ẹrù. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ra ìwé àkọsílẹ̀ méjì yẹn bí ẹ bá ń bọ̀ nílé. Nígbà tí oṣù bá parí, ẹ tún kọ̀wé sí mi, kí ẹ fi iye tó wà nínú ìwé méjèèjì ránṣẹ́. Ìyá Ìbejì náà lè kọ tirẹ̀ sí mi bó bá ní ohun tí ẹ kò sọ.